Àpótí Ìpéré Dókítà Adégbọlá

Àárọ̀ Sátidé kan ni Zoe já wọ yàrá bàbá àgbà rẹ̀, fóònù lọ́wọ́, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Morọ́láyọ̀ ìyá rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi tówẹ̀lì gbẹ àárín ìka ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ara àgbàlagbà ti máa ń kọ́kọ́ bó.

"Mọ́mì, obìnrin yẹn ti dá mi lóhùn o!"

Bàbá gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti fọ́ pátápátá, ti òsì kò sì rí ju òjìji lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú bí ti ológbò. "Obìnrin onígbín yẹn?" ni ó bèèrè.

"Òun náà ni, Gráńpà."

Anna ni orúkọ obìnrin tí wọ́n ń sọ yìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Suitland, níbi tí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ sí ilé wọn ní Cheverly l'Amẹ́ríkà, ilé ńlá kan wà tí àwọn onímọ̀ ń kó òkú kòkòrò, egungun ẹranko àti ewé gbígbẹ pamọ́ sí. Ìgbín ni iṣẹ́ Anna níbẹ̀. Zoe, tí ó ń kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ló ya fọ́tò ojú ewé kan nínú ìwé bàbá àgbà rẹ̀, Dókítà Adégbọlá, tí ó fi ránṣẹ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

"Kà á fún mi," ni Bàbá wí. "Rọra kà á. Má fo ọ̀rọ̀ kankan."

Zoe kà á ní gẹ̀ẹ́sì. Anna ní òun ti fi ọjọ́ mẹ́ta tú ìwé, òun kò rí ìpéré kankan tó jọ èyí tí Dókítà yà. Bí àwòrán náà bá jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé kò sí ẹni tó tíì sọ ẹranko náà lórúkọ láyé. Ṣùgbọ́n àwòrán nìkan kò tó. Òfin àwọn onímọ̀ ni pé ìkarahun ẹranko náà gan-an gbọ́dọ̀ wà níbì kan tí ẹlòmíràn ti lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ǹjẹ́ ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ Dókítà?

"Mẹ́tàdínlógún," ni Bàbá dáhùn, bí ẹni pé obìnrin náà jókòó níwájú rẹ̀. "Sọ fún un pé mẹ́tàdínlógún ni. Wọ́n wà nínú àpótí mi n'Íbàdàn." Ó na ọwọ́, ó wá orí ọmọ rẹ̀ kàn. "Morọ́láyọ̀, pe Ọláolú. Kó bá mi fi àpótí náà ránṣẹ́."

Láti ọdún mẹ́ta tí Bàbá ti dé Amẹ́ríkà, kò tíì bèèrè ohunkóhun rí. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ni yóò jẹ, aṣọ tí wọ́n bá wọ̀ fún un ni yóò wọ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ sídìí fèrèsé di ìrọ̀lẹ́, kò ní pe ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ náà ó rẹ́rìn-ín títí eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu rẹ̀ fi hàn.

Kí ènìyàn tó lè mọ ìdí tí àpótí kan fi lè pa arúgbó ẹni ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún lẹ́rìn-ín, ó yẹ kó mọ ẹni tí Dókítà Adégbọlá jẹ́. Ìlú òyìnbó ló ti kọ́ iṣẹ́ abẹ, nígbà tí gbogbo dókítà aláwọ̀ dúdú tó wà nílẹ̀ wa kò ju èyí tí ènìyàn lè mọ̀ lórúkọ tán. Nígbà tó padà dé, òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba, ó sì di oníṣẹ́-abẹ láàárín àwọn ọmọ ogun wọn. Ó wọ kákí tí wọ́n fi irin gbígbóná lọ̀ títí ó fi le gbagidi, irin ń dán léjìká rẹ̀, ṣọ́jà tó bá sì pàdé rẹ̀ lọ́nà yóò nà ró kí i. Ìyá rẹ̀ gbé fọ́tò rẹ̀ yí gbogbo àdúgbò ká títí etí fọ́tò náà fi ya.

Kò pé ọdún márùn-ún tó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Ó ṣe dókítà ìjọba díẹ̀ n'Íbàdàn, ó fi ìyẹn náà sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun tó ń ṣe kò ju pé kó wọ bàtà rọ́bà, kó gbé àpò kọ́ èjìká, kó wọgbó lọ, kó máa tú abẹ́ ewé rírà kiri. Ìpéré ló ń wá. Kì í ṣe ìgbín ńlá tí ènìyàn lè sè jẹ o. Àwọn kéékèèké ni, tí òmíràn nínú wọn kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Yóò yà wọ́n sínú ìwé, yóò kọ ibi tó ti rí wọn àti orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń pè wọ́n, yóò wá kó ìkarahun wọn sínú páálí ìṣáná. Páálí ìṣáná wọ̀nyí ló ń tò sínú àpótí pákó kan tí wọ́n fi ń kó oògùn lójú ogun, ohun kan ṣoṣo tó mú kúrò nínú iṣẹ́ ológun.

Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní Dókítà Ìpéré. Abibat ìyàwó rẹ̀ ló ń ta aṣọ láti fi rán ọmọ méjèèjì níwèé. Ọjọ́ tí Morọ́láyọ̀ gba ìwé-ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, bàbá rẹ̀ wà lórí òkè kan lẹ́yìn Ẹ̀rúwà. Ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn, ó bá wọn débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tútù wà lára bàtà rẹ̀, Morọ́láyọ̀ sì mọ ibi tó ti ń bọ̀. Odidi ọdún méjì ni kò fi bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Nígbà tí ojú Bàbá ṣú tí kò lè dá gbé mọ́, Morọ́láyọ̀, tí ọkọ tirẹ̀ náà ti kú, ló mú un wá sí Cheverly, tó sì fún un ní yàrá ìsàlẹ̀ tó wà nítòsí balùwẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni Bàbá gbé wá. Àpótí náà wúwo, wọ́n ní kí Ọláolú, àbúrò Morọ́láyọ̀, máa bá wọn tọ́jú rẹ̀ nínú ilé bàbá wọn ní Òkè-Àdó.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Morọ́láyọ̀ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní District Heights, ó tẹ Ọláolú láago. Wọ́n kí ara wọn kú ìsinmi, ó bèèrè àlàáfíà ìyàwó, ó bèèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àpótí Dádì ni mo fẹ́ bèèrè," ló wá wí. "Èyí tó wà ní yàrá ẹ̀yìn."



"Àpótí ìkarahun yẹn, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Òun ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, àpótí yẹn ti lọ tipẹ́tipẹ́."

"Ó lọ síbo?"

"Nígbà tí mo fẹ́ gba ayálégbé sí ìsàlẹ̀ ni. Bí a ṣe gbé e báyìí, ìdí rẹ̀ jábọ́. Ikán ti jẹ ẹ́ dénú. Àwọn páálí ìṣáná yẹn ti di ìyẹ̀pẹ̀. Mo ní kí àwọn tó ń tún ilé ṣe kó o kúrò. Wọ́n sun ún mọ́ àwọn pákó àtijọ́."

"Àwọn ìkarahun inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìkarahun ìpéré! Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló fẹ́ jókòó máa ṣa ìyẹn?"

Morọ́láyọ̀ ya ẹnu láti bú u, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bó bá jẹ́ òun ló wà nílé lọ́jọ́ náà, òun ì bá fúnra òun ṣáná sí i.

Nígbà tó ṣàlàyé fún àbúrò rẹ̀ ohun tí Anna kọ, ohùn Ọláolú yí padà. "Ẹ má ì sọ fún Dádì," ló ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ì sọ. Ṣé Dádì kọ ibi tí wọ́n ti rí i? Bí ẹranko náà bá wà níbẹ̀ nígbà yẹn, yóò ṣì wà níbẹ̀. Màá fúnra mi lọ."

Ibẹ̀ wà nínú ìwé lóòótọ́: Òkè Asàdú, lẹ́yìn Ẹ̀rúwà, abẹ́ àpáta tó kọjú sí ìlà-oòrùn, níbi tí omi ti ń sun. Bàbá kò rí ìpéré náà níbòmíràn rí láyé rẹ̀. Ọláolú ṣèlérí pé òun yóò lọ lọ́sẹ̀ kejì, ó sì lọ.

Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni fídíò rẹ̀ bọ́ sórí fóònù Morọ́láyọ̀ níbi iṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni eruku funfun. Ìgbà tí eruku náà rọlẹ̀ díẹ̀ ló rí i pé òkè ni wọ́n ń fi hàn òun, tàbí ìdajì rẹ̀ tó ṣẹ́ kù, tí wọ́n gé bí ẹni gé iṣu, tí inú rẹ̀ funfun báláú. Ọkọ̀ akóòkúta tò lọ bẹẹrẹ nísàlẹ̀. Ọkùnrin kan tó dé akoto irin ń pariwo pé kí ẹni tó ń ya fídíò kúrò níbẹ̀. Ohùn Ọláolú wá gba àárín ariwo ẹ̀rọ kọjá: "Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí Dádì kọ gan-an ni mo dúró sí yìí. Ọdún kẹjọ rèé tí wọ́n ti ń fọ́ ọ. Kò sí igi, kò sí omi. Mo bi àgbẹ̀ kan, ó ní láti ìgbà tí eruku yìí ti bo ilẹ̀, kò sí ohun tó ń rìn níbẹ̀ mọ́, débi tí a ó sọ pé ìpéré."

Morọ́láyọ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ki fóònù bọ àpò, ó padà lọ fún àwọn aláìsàn rẹ̀ lóògùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kó tó bọ́ bàtà, Bàbá ti ń pè é láti yàrá. "Morọ́láyọ̀, Ọláolú ti fi í ránṣẹ́?"

"Ó ti wà nínú ọkọ̀ ojú omi, Dádì."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló mọ̀ pé òun ti di ẹrù ru ara òun tí òun kò ní lè sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá ti pàtẹ́wọ́. Ó ní kí wọ́n wá fá irùngbọ̀n òun.

Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ó ń jẹun tán. Lọ́sàn-án, bí Zoe bá ti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, yóò mú un jókòó, yóò máa pe ọ̀rọ̀ fún un kó máa kọ ọ́: bí ìkarahun náà ṣe ga tó, bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe dà bí oyin tí omi bọ́ sí, iye ìgbà tó ká kó tó dé ẹnu. Gbogbo rẹ̀ wà lórí rẹ̀ láìsí pé ó rí ìwé. Wọ́n wá dé ibi orúkọ.

"Sùnmọ́nù," ló wí. "Kí wọ́n sọ ọ́ ní Sùnmọ́nù."

Morọ́láyọ̀, tó ń ka oògùn Bàbá sínú ìdérí ìgò, yíjú padà. "Ta ni Sùnmọ́nù, Dádì?"

Bàbá ń fi àtàǹpàkò ọ̀tún ra ti òsì.

"Ṣọ́jà ni," ló sọ níkẹyìn. "Ọmọ Ìṣẹ́yìn. Ọdún tí wọ́n kó wa lọ sí ibodè Kamẹrúùnù. Mọ́kànlá ni wọ́n gbé wá bá mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo, lábẹ́ tapólì, kò sí dókítà mìíràn. Itan ni ọta ti ba Sùnmọ́nù. Mo ti fi ọwọ́ mi méjèèjì di ojú ọgbẹ́ rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ ti ń dá. Ni wọ́n bá mú ọ̀gágun òyìnbó kan wọlé. Ó já láti orí lọ́rì, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló kán. Ọ̀gá wa ní kí n kọ́kọ́ dá tiẹ̀ lóhùn. Mo ní, 'Sà, ọwọ́ kíkán kì í pa ènìyàn.' Ó ní àṣẹ ni."

Zoe ti gbé kálàmù sílẹ̀.

"Mo gbé ọwọ́ mi kúrò," ni Bàbá wí. "Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ àfi èmi. Sùnmọ́nù ní, 'Dókítà, ẹ má ì lọ.' Bí ẹni ń bẹ àlejò tó fẹ́ tètè kúrò nílé rẹ̀. Ẹ má ì lọ. Nígbà tí mo fi máa di ọwọ́ òyìnbó náà tán, ó ti kú."

"Orúkọ bàbá rẹ̀ ńkọ́, Gráńpà?" ni Zoe bèèrè pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń ta kókó. "Kí n kọ ọ́."

"N kò mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà ló wà lára aṣọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí Ìṣẹ́yìn lẹ́yìn tí mo kúrò níṣẹ́. Sùnmọ́nù ibẹ̀ kò lóǹkà." Ó mí kanlẹ̀. "Lọ́jọ́ náà, mo lọ fọ ọwọ́ mi létí odò. Ìpéré kan ń gun òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Nínú gbogbo ohun tó ní ẹ̀mí níbẹ̀, òun nìkan ni kò bẹ̀ mí ní nǹkankan."

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Morọ́láyọ̀. Òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Ìyá rẹ̀ náà kò gbọ́ ọ títí ó fi kú. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́, ó ń wá ìbínú tó ti ń gbé láti kékeré, ó sì ń rí i pé kò níbi tí yóò gbé e kà mọ́.

Irọ́ tó pa wá wúwo sí i. Bàbá ń bèèrè lójoojúmọ́ ibi tí ọkọ̀ ojú omi dé. Morọ́láyọ̀ ní ìjì dá a dúró. Ó ní ó ti dé Baltimore, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń yẹ ẹrù wò. Anna kọ̀wé pé inú òun yóò dùn láti wá fúnra òun bí àpótí náà bá dé, Bàbá ní kí wọ́n dá ọjọ́ fún un. Ní ìparí oṣù kẹwàá ni Bàbá ṣubú nínú balùwẹ̀. Egungun rẹ̀ kò kán, ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn ni wọ́n ti rí i pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Dókítà ibẹ̀ pe Morọ́láyọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ ọ́, ohùn tí Morọ́láyọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń lò fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Oṣù díẹ̀ ló kù.

Ìgbà náà ló ṣe ohun tó ṣe. Lọ́jọ́ tí kò lọ síbi iṣẹ́, ó wọ bàtà òjò, ó gba ẹ̀yìn àwọn ilé lọ sétí odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú abẹ́ ewé. Ó rí ìpéré. Wọ́n pọ̀ ju bó ṣe rò lọ. Ó ṣa àwọn tó jọ oyin láwọ̀, ó bọ̀ wọ́n, ó fi abẹ́rẹ́ yọ ẹran inú wọn, ó sá wọn gbẹ lójú fèrèsé. Ó ra ìṣáná, ó da igi rẹ̀ nù, ó to ìkarahun mẹ́tàdínlógún sínú páálí mẹ́tàdínlógún. Ó kó wọn sínú páálí bàtà. Ó ti pèrò ohun tí yóò wí: pé àpótí pákó náà fọ́ lójú ọ̀nà, pé wọ́n tún ẹrù náà dì. Ojú Bàbá kò ríran, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Jẹ́ kó fi ayọ̀ lọ. Tí Anna bá dé, òun yóò dúró dè é níta, òun yóò bẹ̀ ẹ́.

Bàbá jókòó sí àga rẹ̀ nídìí fèrèsé nígbà tó gbé e wọlé. Ó gbọ́ bí àwọn páálí náà ṣe ń kan ara wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Ó ṣí àkọ́kọ́. Ó mú ìkarahun náà láàárín ìka méjì, ó yí ṣónṣó rẹ̀ sókè, ó fi àtàǹpàkò wá ẹnu rẹ̀ kàn. Ó dúró. Ó dá a padà sínú páálí, ó pa á dé, ó mú èkejì. Ó mú ẹ̀kẹta. Morọ́láyọ̀ dúró níbẹ̀, ó ń wò ó. Bàbá kò fo ọ̀kankan títí ó fi dé ìkẹtàdínlógún.

"Ti Asàdú, apá òsì ni ẹnu rẹ̀ wà," ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ kò le. "Ohun tó yà á sọ́tọ̀ nìyẹn. Gbogbo wọ̀nyí, ọ̀tún ni." Ó gbé ojú òsì rẹ̀ sókè sí i. "Níbo lo ti ṣa wọ́n, Morọ́láyọ̀?"

Morọ́láyọ̀ kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: ikán, iná, ọkọ̀ ojú omi tí kò sí níbì kankan.

"Òkè náà ńkọ́?"

Ó lè purọ́ síbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò já a. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. "Wọ́n ti fọ́ ọ, Dádì. Wọ́n ń fi ṣe òkúta ìkọ́lé."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, sà. Dádì, ẹ bínú sí mi. Ẹ bú mi, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá kò bú u. Ó rọra ti páálí bàtà náà kúrò lórí itan rẹ̀, bí ẹni tí ó jẹun tán tó ń ti àwo fún olóúnjẹ.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n sùn."

Morọ́láyọ̀ rò pé òun ṣì gbọ́ ni. Bàbá kì í sọ "ẹ" sí ọmọ tó bí. Ṣùgbọ́n bó ṣe jí lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. "Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Ẹ bá mi bu omi." Kò pe orúkọ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Dókítà ilé ìwòsàn ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn bí ọjọ́ bá ti jìnnà, pé iyè wọn á máa rá, pé kí ó má ṣe wá ìdí rẹ̀. Morọ́láyọ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àìmọye ènìyàn. Ohun tó ń gún un ni pé Bàbá ṣì mọ Zoe. Ó ṣì ń bèèrè Ọláolú. Ọjọ́ mìíràn wà tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tán, tí ojú òsì náà yóò wá dúró sórí rẹ̀ pẹ́ díẹ̀, Morọ́láyọ̀ a sì máa wò ó padà, kò lè mọ̀ bóyá ó dá òun mọ̀.

Anna wá ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kọkànlá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so awò kékeré mọ́ ọrùn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti sọ fún un pé kò sí àpótí mọ́. Kò bínú. Ó ní ṣé òun lè rí àwọn ìwé náà. Wákàtí méjì ló fi jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, ó ń ṣí wọn ní ewé kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn yóò dúró, yóò fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òun kò rí irú iṣẹ́ yìí rí láti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ó ní àwọn yóò ya gbogbo rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà kí ó má baà parun.

"Orúkọ ńkọ́?" ni Zoe bèèrè ní gẹ̀ẹ́sì. "Sùnmọ́nù."

"Kò ṣeé ṣe."

"Àwòrán wà. Ibi tí wọ́n ti rí i wà. Gbogbo bó ṣe rí ni wọ́n kọ síbẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Anna wí. "Mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n gbígbàgbọ́ tèmi kò tó. Kò sí nǹkankan tí mo lè mú nílẹ̀ pé òun rèé."

Zoe dìde kúrò nídìí tábìlì, ó gòkè lọ, wọ́n gbọ́ bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe dún.

Anna ní òun fẹ́ kí Dókítà. Bàbá na ọwọ́ sí i, ó fi gẹ̀ẹ́sì dídán dá a lóhùn, ó bèèrè bóyá òtútù ti mú níta. Nígbà tí Anna dárúkọ ìpéré, ó mi orí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní ó dun òun pé obìnrin náà ti wá ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n òun kò mọ ohunkóhun nípa ìgbín. Bóyá dókítà mìíràn ni wọ́n ń wá.

Oṣù kejì ọdún ni Bàbá kú, ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀. Mùlíkàt, obìnrin tó ń bá wọn dúró tì í bí Morọ́láyọ̀ bá lọ síbi iṣẹ́, ló pè. Ó ní Bàbá jẹ ẹ̀kọ díẹ̀, ó ní kí òun ṣí fèrèsé, pé bí òun ṣe yíjú padà báyìí, ó ti lọ. Morọ́láyọ̀ ń wẹ bàbá ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà tí fóònù náà dún lápò rẹ̀. Ó wẹ̀ ẹ́ tán, ó gbẹ àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó kó tó lọ gbé fóònù náà.

Ọláolú sunkún lórí fóònù bí ọmọdé. Ọjọ́ kẹta ló tún pè, ó ní òun ń ṣètò ìwé ìkéde òkú fún àwọn ará ilé. Ó ti kọ ọ́ pé dókítà, ó ti kọ ọ́ pé ológun. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n fi ti ìpéré kún un?"

"Kí lo máa kọ?"

"N kò mọ̀," ni Ọláolú wí.

Wọn kò kọ ọ́ sí i. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Camp Springs ni wọ́n ti ṣe ìsìn rẹ̀, nítorí ti District Heights ti ní ìgbéyàwó lọ́jọ́ náà. Àlùfáà tí kò mọ̀ ọ́n rí sọ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó gbà là lójú ogun, àwọn ènìyàn sì ṣe àmín. Morọ́láyọ̀ gbé ojú sílẹ̀. Wọ́n sin ín sínú ilẹ̀ tó ti dì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ. Ọjọ́ Ajé, ó gbé mọ́tò rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.